Ìkúnlẹ̀ Lójú Òkun

Nígbà tí mo dé Abidjan, omi ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Ní Ṣakí tí mo ti wá, òkè la fi ń mọ ọ̀nà. Tí o bá ti rí òkè kan lápá ọ̀tún, o mọ̀ pé ilé kò jìnnà mọ́. Níbí, ibi yòówù kí n yíjú sí, ọ̀sà ni. Ọ̀sà wà láàárín Williamsville tí mò ń gbé àti ọjà Treichville tí mo ti ń tajà. Láràárọ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí Plateau, tí wọ́n á máa tẹ fóònù wọn nínú rẹ̀ bí ẹni pé orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n jókòó sí. Èmi kì í wọ̀ ọ́. Ọdún kẹtàlélógún rè é tí mo ti ń ta àgádágodo, ìṣó àti ìdè ilẹ̀kùn, bọ́ọ̀sì ni mo sì fi ń lọ, òun náà ni mo fi ń bọ̀, kódà bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú wa lórí afárá fún odindi wákàtí kan.

Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé n kì í ṣe òpè, mo kàn jẹ́ ẹni tí í fẹ́ rí ìsàlẹ̀ nǹkan kí ó tó tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ni. Kò sí àgádágodo tí mo tà rí tí n kò kọ́kọ́ tì, kí n ṣí i, lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré nínú mẹ́ta, inú páálí kan lábẹ́ káńtà ló ń lọ, n kì í tà á fún ẹnikẹ́ni.

Kò ì pé oṣù mẹ́ta tí mo dé nígbà tí màmá mi pè mí láti Ṣakí fún ìgbà àkọ́kọ́. Fóònù ọ̀gá mi ló pè sí. Bí mo ṣe gbọ́ "ọmọ mi" báyìí, mo ju ìṣó ọwọ́ mi nù, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì ọjà, fóònù létí.

Tantie Mariam, obìnrin Dyula tó ń ta aṣọ ní ọ̀kánkán wa, figbe ta. Ó gbé ìgò omi tútù kan, ó sáré wá, ó dà á sí mi lẹ́yìn ọrùn.

"Anago ti dákú o! Ẹ gbà mí! Anago ti kú mọ́ wa lọ́wọ́!"

Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí.

"Mi ò kú," mo wí láti ilẹ̀. "Màmá mi ni mò ń kí."

Ó wo fóònù, ó wò mí. "Níbo ni màmá rẹ wà?"

"Nàìjíríà."

"Ṣé ó ń rí ọ láti ibẹ̀?"

"Rárá."

"Kí ló wá dé tí o fi ń fi ṣòkòtò rẹ nu ilẹ̀ ọjà fún wa?"

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, tí fóònù mi bá ti dún, Tantie Mariam á na ẹní kan sókè láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: "Anago, ẹní rè é o, má ba aṣọ jẹ́!" Títí di òní ló ṣì ń ṣe é.

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo ro ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ ni pé kò sẹ́ni tó ń rí mi. Ìdí gan-an tí mo fi ń ṣe é nìyẹn. Oúnjẹ ìlú wa ti ń kúrò lẹ́nu mi díẹ̀díẹ̀. Faransé ni mo fi ń ka iye nǹkan, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, Faransé ni mo fi ń lálàá nígbà mìíràn. Tí àyà mi bá kan ilẹ̀ tí màmá mi sì ń ṣàdúrà létí mi, ìṣẹ́jú yẹn nìkan ni mo mọ̀ dájú pé mo ṣì jẹ́ ọmọ ibì kan.

Rùkáyá Àṣàkẹ́ nìkan ni ọmọ wa. Abidjan la bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe lè sọ ọ́ lọ. Tí èmi àti ìyá rẹ̀ bá ń jà ní Yorùbá, Faransé ló fi ń là wá. Ọmọ ọdún méje ni lọ́jọ́ tó ti iléèwé dé, tó dúró ṣánṣán níwájú mi, tó ní, "Papa, on dit quoi?" Bí àwọn ọmọ ìgboro ṣe ń kí ara wọn nìyẹn. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín.

"Ṣé ojúgbà rẹ ni mí?"

"Non, Papa."

"Jáde, kí o tún wọlé."

Ó jáde, ó tún wọlé. Mo fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án: eékún méjèèjì, kì í ṣe ẹyọ kan, ojú nílẹ̀, a ò sì gbọdọ̀ dìde títí àgbà á fi ṣàdúrà tán.

"Kódà lórí fóònù?" ó bi mí, nítorí ó ti bá mi lórí ilẹ̀ ọjà rí.

"Pàápàá lórí fóònù," mo wí.

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìyẹn, bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó sì gbà á. Ó dàgbà, ó gùn jù mí lọ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, síbẹ̀ tí mo bá pè é, mo máa ń gbọ́ bí aṣọ rẹ̀ ṣe ń wọ́ nígbà tó bá ń kúnlẹ̀. Eékún rẹ̀ ló ń bá mi sọ Yorùbá tí ahọ́n rẹ̀ kò lè sọ.

Nígbà tó wá ní iṣẹ́ inú ọkọ̀ òkun lòun fẹ́ kọ́, oṣù kan gbáko ni n kò fi sùn dáadáa. Ìyá rẹ̀ ló dá mi lóhùn níkẹyìn. Ó ní, "Bàbá Rùkáyá, ilẹ̀kùn lẹ ń ta àgádágodo fún. Ẹ ò lè fi ti ọmọ."

Ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ó ríṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan tó ń kó oúnjẹ, páìpù àti omi mímu lọ fún àwọn tó ń wa epo lójú òkun. Ọkọ̀ náà kò tóbi. Á jáde láàárọ̀, á padà wọlé lọ́sàn-án, nígbà mìíràn á lo ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún un ní ẹ̀wù pupa tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, mo ní kó gbé e wálé. Mo di ìdè rẹ̀, mo tú u, lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ó yege, Papa?"

"Ó yege. Kí wá ni iṣẹ́ rẹ gan-an?"

"Láti oṣù keje dé oṣù kẹwàá, iṣẹ́ mi ni kí n máa wo omi. C'est tout, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Kí lò ń wò nínú omi?"

"Baleine."

Àbùùbùtán ló ń wí. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ohun tí áfáà kọ́ wa ní ilé kéwú lọ: ẹja ńlá kan gbé Ànábì Yúnúsà mì, ó sì pọ̀ ọ́ sí èbúté nígbà tí Ọlọ́run pàṣẹ fún un. Mo bi í bóyá ó lè gbé ọkọ̀ mì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Papa, kì í ṣe òun ló ń wá wa. Àwa là ń kọ lù ú."

Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, ó gbé àgádágodo tó tóbi jù lọ sórí káńtà, ó gbé èyí tó kéré jù lọ tì í. Ó ní ìyá nìyí, ọmọ nìyí. Ibi tó jìnnà, tó tutù, ni wọ́n ti ń wá bímọ sínú òkun wa nítorí pé ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ìyá lè pẹ́ lábẹ́ omi. Ọmọ kò lè pẹ́. Ó gbọ́dọ̀ máa yọjú wá mí lemọ́lemọ́, ìyá rẹ̀ kò sì ní fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Òkè omi ni àwọn méjèèjì ń wà nítorí náà. Lẹ́yìn náà ó mú òòlù mi, ó sì tì í wá díẹ̀díẹ̀ lórí káńtà. Ọkọ̀ nìyẹn.

"Ṣé wọn ò gbọ́ ariwo ọkọ̀ ni?" Tantie Mariam béèrè láti ọ̀kánkán. Ó ti ń fetí sí wa.

"Wọ́n lè gbọ́, Tantie, kí wọ́n má mọ ibi tí wọn ó sá gbà. Tí ọkọ̀ bá rọra ń bọ̀, àyè á wà. Tó bá ń sáré, kò sáyè. Ìdí tí wọ́n fi gbé mi dúró síbẹ̀ nìyẹn. Tí mo bá rí èémí rẹ̀ tó fọ́n sókè bí èéfín, mo máa sọ fún ọ̀gá ọkọ̀ lórí rédíò ọwọ́, á sì dẹ ìrìn."

"Tí ọkọ̀ bá kọ lù ú ńkọ́?" èmi ló béèrè ìyẹn.

"Ó lè kú. Tàbí kó gbé ọgbẹ́ lọ."

"Ọkọ̀ ni mò ń bi ọ́."

Ó gbé òòlù náà kúrò lórí káńtà. "Tiwa kéré, Papa. Nǹkan lè fọ́. Èèyàn lè ṣubú."

Nínú gbogbo ohun tó sọ, "èèyàn lè ṣubú" nìkan ló bá mi délé.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lójoojúmọ́ nìyẹn. Tí mo bá ti kí ìrun Àyìlà tán, mo máa ń pè, nítorí mo ti ṣírò rẹ̀ pé àsìkò yẹn ni ọkọ̀ wọn ń súnmọ́ èbúté bọ̀, tí fóònù á lè wọlé. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ó ní, "Papa, mo máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn." Mo ní ìṣẹ́jú méjì péré ni. Kò tún sọ nǹkan kan mọ́. Ọmọ tí mo tọ́ ni. Kì í sọ ọ̀rọ̀ fún bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, nínú oṣù kẹsàn-án. Mo pè é ní agogo kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Mo gbọ́ bí irin ṣe ró nígbà tí eékún rẹ̀ kan ilẹ̀ ọkọ̀. Ó máa ń dùn mọ́ mi nínú láti gbọ́ ọ, n kò ní parọ́.

"Ẹ káàsán, Papa."

"Káàsán, Àṣàkẹ́. Ṣé ara le?"

"Ara le, Papa. Ọjà ńkọ́?"

"A dúpẹ́. O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun. Màmá ńkọ́?"

"Ó wà ńlé. Ẹ̀wù pupa yẹn ńkọ́?"

"Ó wà lọ́rùn mi, Papa."

"O dì í dáadáa?"

"Mo dì í."

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí omi gbé ọ lọ."

"Àmín."

"O ò ní ko àgbákò."

"Àmín, Papa."

"Ohun tó ń gbé inú ibú ò ní pàdé rẹ lọ́nà."

"Àm..."

Ariwo kan dún bí ìgbà tí ìjì bá fi ilẹ̀kùn irin gbá ògiri. Mo gbọ́ tí fóònù ń yí gbirigbiri lórí irin. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ń kígbe lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Mo pè padà. Ohùn obìnrin inú ẹ̀rọ ní ẹni tí mò ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó. Mo tún pè. Oníbàárà kan ń béèrè ìṣó, mo ń wò ó, n kò mọ ohun tó ń pè bẹ́ẹ̀. Tantie Mariam ló wá tà á fún un. Ó gbé ẹní rẹ̀ wá lẹ́yìn náà, ó tẹ́ ẹ, kò fi ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Jókòó, Anago." Mo jókòó. Òun náà jókòó tì mí, ó ń ka tẹ̀síbáà rẹ̀.

Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni mo fi jókòó bẹ́ẹ̀ kí fóònù tó dún.

"Papa, mo wà láàyè. Mi ò fara pa." Rùkáyá ni. "A kọ lù ú. Ó ní ọmọ, Papa. Ọmọ wà pẹ̀lú rẹ̀."

Mo ní, "Alámùdúlílàhì." Títí dòní, mo ṣì ń tijú pé ohun tí mo sọ nìyẹn. Ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́.

*

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó wálé. Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ fún un, kò fọwọ́ kàn án. Ó sọ ọ́ fún wa pé ọkọ̀ gbọ̀n, atukọ̀ kan ṣubú, ó fi apá gbá, ṣùgbọ́n kò kán. Nígbà tí wọ́n fi máa yíjú wẹ̀yìn, omi ti pọ́n. Àbùùbùtán náà rì, ó tún yọ, ọgbẹ́ gígùn kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń lọ yí i ká, ó ń lọ yí i ká. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò rí wọn mọ́.

Ẹ mọ̀ mí pé mo fẹ́ràn kí nǹkan yé mi délẹ̀. Mo bi í pé, "O wà níbi tí o ti ń wo omi?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Awò tó ń rí ọ̀nà jíjìn wà lọ́rùn rẹ?"

"Ó wà lọ́rùn mi."

"Kí ló wá dé tí o kò rí i?"

Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀.

"Ibi tí mo máa ń dúró sí, Papa, ó dà bí bákónì kékeré. Irin ni wọ́n fi ṣe ògiri rẹ̀ yíká, kì í ṣe ọ̀pá. Kò ṣeé wò kọjá. Ó ga dé ibí." Ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀. "Tí mo bá dúró, mo ń rí gbogbo òkun."

Kò parí rẹ̀. Kò nílò kó parí rẹ̀. Mo ti gbọ́ irin náà nígbà tó ró lábẹ́ eékún rẹ̀.

Mo gbọ́ tí aládùúgbò wa ń gún nǹkan nínú odó. Nígbà tí mo máa lanu, ohun tí òbí tí ẹ̀rù ń bà máa ń sọ ni mo sọ.

"Nígbà tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé oòrùn ń kọ mànà lójú omi."

"Ẹ̀yìn wa ni oòrùn wà, Papa."

"Ta ló máa rántí ìyẹn?"

"Èmi." Ó ti ń sunkún, ṣùgbọ́n kò gbé ohùn sókè. "Lundi, Mọ́ńdè tó ń bọ̀, ni wọ́n fẹ́ kí n mú ìwé wá, kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Tí mo bá kọ ọ́ bó ṣe rí, wọ́n lè lé mi, Papa, mo mọ̀. Tí mo bá sì kọ oòrùn, wọ́n máa ra awò dúdú fún wa, ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n máa gbé ẹlòmíì síbẹ̀, ọkọ̀ máa tún sáré, à á tún pa òmíràn." Ó nu imú. "Àgádágodo inú páálí tó wà lábẹ́ káńtà yín, ṣé ẹ máa ń tà lára rẹ̀ nígbà tí ojú oníbàárà kò bá sí níbẹ̀?"

Mo ti àwo oúnjẹ rẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ìyá rẹ̀ ló dìde, ó kó oúnjẹ tó ti tutù. "Ẹ ti gbọ́ o, Bàbá Rùkáyá," ó wí, ó sì wọ inú ilé ìdáná lọ.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo pe Ṣakí. Màmá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, etí rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú yàrá, mo kí i tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ó dá mi dúró.

"Dìde jókòó kí o tó máa wí. Èémí rẹ ń há."

Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo retí pé á ní kí n fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ìbéèrè ló bi mí.

"Ọmọ tó ti odò bọ̀, tó ru omi, tó pàdé mi lọ́nà, ṣé ó ń kúnlẹ̀ kí mi ni?"

"Rárá, Màmá."

"Kí la máa ń sọ fún un?"

"Ẹ máa ń ní, 'Má kúnlẹ̀ o, ẹrù ń bẹ lórí rẹ.'"

"Tó bá lóun á ṣì kúnlẹ̀ ńkọ́?"

"Omi á dànù."

"Èwo ni kò wá yé ọ níbẹ̀?"

Ó tẹ̀ síwájú pé, "O kó ìkúnlẹ̀ lọ sí ìdálẹ̀, o gbàgbé èyí tó tẹ̀ lé e. Ìdajì ẹ̀kọ́ lo fún ọmọ mi." Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá àbùùbùtán náà yè. Òun ló kọ́kọ́ béèrè rẹ̀ nínú gbogbo wa.

*

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo sọ fún Rùkáyá pé mò ń bá a lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Plateau. Ó bẹ̀ mí pé kí n má ṣe é. Ó ní òun kì í ṣe ọmọ iléèwé tí bàbá ń mú lọ bá ọ̀gá àgbà. Mo ní n kò ní wọlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo máa jókòó sí. Mo kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Treichville, mo fi í lé Tantie Mariam lọ́wọ́. Nígbà tí a jáde, mọ́tò ti dí orí afárá pa.

"A máa pẹ́," Rùkáyá wí. Ó wo ọ̀nà èbúté ọ̀sà.

Mo wọ ọkọ̀ ojú omi náà. Mo di irin ìjókòó mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo sì tẹjú mọ́ ẹ̀yìn orí ọkùnrin tó wà níwájú mi títí a fi gúnlẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Rùkáyá fi ọwọ́ rẹ̀ lé orí tèmi. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń sá fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

Ní ọ́fíìsì, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí mo ṣe ṣèlérí. Ilẹ̀kùn kò dé tán. Mo ń gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń ka ìwé tí ọmọ mi kọ, ó ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́, ó wá dúró.

"Mademoiselle, o kọ ọ́ pé o kúnlẹ̀. Kò yé mi. Ṣé ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ ni?"

"Rárá, Madame. Bàbá mi ló pè mí lórí fóònù."

"O sì kúnlẹ̀ nítorí fóònù?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín nínú yàrá náà. Mo dìde, mo kanlẹ̀kùn, mo wọlé. Mo rí ojú Rùkáyá, ó dà bí ẹni tó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Madame náà jókòó sẹ́yìn tábìlì, ọ̀gá ọkọ̀ wọn, ọkùnrin tó ti hewú díẹ̀, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Èmi ni bàbá," mo wí. Mo gbé fóònù mi sórí tábìlì. "Agogo kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án. Ẹ lè wò ó."

"Monsieur, ọmọ yín ti dàgbà, òun fúnra rẹ̀..."

"Ẹ jọ̀ọ́, Madame." N kò mọ bí mo ṣe lè fi Faransé ṣàlàyé rẹ̀. Mo bọ́ fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ sórí tíìlì ọ́fíìsì náà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. "Báyìí la ṣe ń kí òbí. Obìnrin a kúnlẹ̀. A kì í dìde títí àdúrà á fi parí. Ibi tí mo wà yìí, Madame, ẹsẹ̀ tábìlì yín nìkan ni mò ń rí. Ohun tí ọmọ mi ń rí lórí òkun nìyẹn. Kì í ṣe pé kò fẹ́ wò. Èmi ni mo fi í síbẹ̀."

Mo gbọ́ tí àga kan yí. Ọ̀gá ọkọ̀ ló dìde, ó di apá mi mú, ó gbé mi nílẹ̀.

"Ẹ dìde, le vieux, ẹ dìde, bàbá." Ó yíjú sí Madame náà. "Ọmọ yìí ti kọ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. A ti pẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mò ń sáré ju bó ṣe yẹ kí n sáré lọ nínú oṣù yìí. Ká ní ó dúró pàápàá, tó sì rí i, mi ò mọ̀ bóyá màá lè yà. Ojú ènìyàn kan ò tó láti fi gba ọkọ̀ tó ń sáré là."

Wọ́n ní ká máa lọ, àwọn á kọ̀wé. Ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ kan la fi retí ìwé náà. Wọn ò lé e. Wọ́n mú un kúrò nínú ọkọ̀ títí ìgbà àbùùbùtán ọdún náà fi kọjá, ó ń to ìwé ní èbúté. Wọ́n ní kí gbogbo ọkọ̀ wọn máa rọra rìn láti oṣù keje dé oṣù kẹwàá, pẹ́ tàbí kò pẹ́. Ẹni méjì ni kí ó máa wo omi, kì í ṣe ẹyọ kan. Kí fóònù ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ sì máa wà nínú àpótí títì. Nígbà tí Rùkáyá sọ èyí fún mi, mo yan àgádágodo kan, mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní kó fún ọ̀gá ọkọ̀. Ó gbà á. Òun ni wọ́n fi ń ti àpótí náà.

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú oṣù kẹwàá ọdún yẹn, mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí etí òkun ní Port-Bouët, kí n rìn lọ lórí yanrìn, kí n máa bi àwọn apẹja bóyá wọ́n gbọ́ pé òkun gbé ohun ńlá kan wá sílẹ̀. Wọ́n ní rárá. Mi ò rí nǹkan kan, mi ò sì mọ̀ bóyá ó yè. Ó wá láti ọ̀nà jíjìn kí ọmọ rẹ̀ lè rí ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ gbé, bí èmi náà ṣe wá. Mo máa ń fi í sínú àdúrà mi, nílé, lórí ẹní, nígbà tí ọmọ mi kò sí lórí fóònù.

*

Nínú oṣù keje ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá Rùkáyá padà síbi tó ti ń wo omi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò pè é. Mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún Tantie Mariam, mo lọ sí Vridi, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ọ̀nà omi tóóró láti inú ọ̀sà bọ́ sínú òkun. Ọkọ̀ tó bá ń kọjá níbẹ̀ súnmọ́ èèyàn tó bẹ́ẹ̀ tí o lè rí bọ́tìnnì ẹ̀wù atukọ̀. Mo dúró sórí òkúta, ẹsẹ̀ bàtà kan péré sí omi. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀.

Ọkọ̀ wọn yọ láti inú ọ̀sà. Ó ń rọra bọ̀. Mo rí i lókè, nínú bákónì onírin yẹn, ẹ̀wù pupa lára rẹ̀, awò lójú. Ó ń yí orí díẹ̀díẹ̀, láti òsì sí ọ̀tún. Ó kan èmi. Ó sọ awò kalẹ̀.

Mo rí i tí èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ lẹ́yìn irin náà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi kọ́ ọ. Eékún rẹ̀ kò dúró de òun kó tó tẹ̀.

Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo figbe ta débi pé àwọn tó ń pẹja létí ibẹ̀ yíjú.

"Má kúnlẹ̀! Àṣàkẹ́, má kúnlẹ̀ o! Ẹrù ń bẹ lórí rẹ!"

Ó dúró bẹ́ẹ̀, ní àbọ̀ ọ̀nà. Ó sì nà tán. Ó ga gan-an. Ọkọ̀ náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo rí ẹnu rẹ̀ tó mì, n kò gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n: ẹ káàárọ̀, Papa. Mo dáhùn. Kò wò mí mọ́ nígbà náà. Ó ti gbé awò padà sójú, ó ti kọjú sí òkun.